Err 01 ni mo gbé lọ, bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè fún mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí àwọn atúnkámẹ́ràṣe yìí

Adé_Fótò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Canon 80D ni kámẹ́rà náà, lẹ́ńsì EF 24-105mm f/4L IS USM ti àkọ́kọ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀, tokunbo ni méjèèjì. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ láti ya fọ́tò, á kọ Err 01 sójú, á ní kí n nu irin ẹnu lẹ́ńsì. Bí mo bá pa á tí mo tún tàn án, á ya ẹyọ kan tàbí méjì, á tún dákẹ́.

Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkẹjà. Wọ́n gba owó àyẹ̀wò, wọn ò kọ ríṣíìtì, nọ́ńbà WhatsApp ni wọ́n fún mi. Nígbà tó yá, wọ́n ní bọ́ọ̀dù kámẹ́rà ló jó, kí n san ìlàjì owó sílẹ̀. Iye tí wọ́n pè sún mọ́ iye tí wọ́n ń ta ara 80D tokunbo lọ́jà. Mo ní kí wọ́n kó o fún mi bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ọ̀gá ò sí nílé. Bí mo bá tún pè, "ó ku díẹ̀" ni mo ń gbọ́. Ṣé Err 01 máa ń jẹ́ bọ́ọ̀dù lóòótọ́? Báwo ni mo ṣe máa gba nǹkan mi?

Lẹ́ńsì_Dídán

Àbúrò, má tíì san ìlàjì kankan. Ohun tí Err 01 ń sọ ni pé kámẹ́rà ń bá lẹ́ńsì sọ̀rọ̀, lẹ́ńsì ò dáhùn bó ṣe yẹ. Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí àti òógùn lórí àwọn irin aláwọ̀ wúrà tó wà lẹ́nu méjèèjì. Ó lè jẹ́ okùn inú lẹ́ńsì tó sán. Ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn irin ẹnu kámẹ́rà tó rì tí kò ta padà mọ́. Bọ́ọ̀dù náà lè fà á, ṣùgbọ́n òun ló yẹ kéèyàn fura sí kẹ́yìn, àgàgà tó bá jẹ́ 24-105 f/4L àkọ́kọ́ ló wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń tún lẹ́ńsì ṣe ló mọ àrùn lẹ́ńsì yẹn.

Àwọn abẹ́ wẹ́wẹ́ tó ń ṣí tó ń pa fún aperture, ìyẹn ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, jókòó lórí apá tó ń rìn síwá sẹ́yìn bí o bá ń yí súùmù. Okùn pẹlẹbẹ kan tí àwọn atúnṣe ń pè ní flex ló ń gbé iná lọ bá wọn. Gbogbo ìgbà tí o bá yí i láti 24 dé 105 ni okùn náà ń ká tó sì ń nà. Bó bá pẹ́, bàbà tín-ín-rín inú rẹ̀ á sán. Kì í já pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ibì kan lórí súùmù, ojú tó sán á fara kanra. Ní ibòmíì, á là. Ìdí nìyẹn tó fi ń ya ẹyọ kan tàbí méjì kó tó dákẹ́.

Bí o ṣe máa mọ̀ nìyí. Yí kámẹ́rà sí Av, níbi tí ìwọ fúnra rẹ ti ń yan aperture. Fi aperture sí f/4, ya fọ́tò mélòó kan ní 24, ní 50 àti ní 105. Ní f/4, àwọn abẹ́ yẹn ti ṣí tán, wọn ò ní iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe, okùn tó sán ò ní fara hàn. Wá gbé e sí f/8, níbi tí àwọn abẹ́ náà ti ní láti pa díẹ̀, tún ya á ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí Err 01 bá yọ ní f/8 tí kò yọ ní f/4, flex aperture ló ṣeé ṣe kó jẹ́ jù lọ. Bọ́tìnnì kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹnu lẹ́ńsì tó ń pa aperture kó o tó ya fọ́tò náà lè sọ ọ́ fún ẹ: bí o bá tẹ̀ ẹ́ ní f/8 tí kámẹ́rà sì kọ àṣìṣe, ibẹ̀ náà ni.

Lẹ́yìn náà, yọ 24-105 kúrò, fi lẹ́ńsì mìíràn sí i, kódà 50mm f/1.8 tó wọ́pọ̀ yẹn. Bí ìyẹn bá ń ya ní f/8 láìkọ nǹkan kan, bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè fún ẹ ò bàjẹ́.

Adé_Fótò

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo rántí pé ní f/4 kì í sábà dà mí láàmú. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn ló wà báyìí. Ṣé kí n lọ bá wọn jà ni?

Lẹ́ńsì_Dídán

Má bá ẹnikẹ́ni jà. Yá 50mm, mú un dání pẹ̀lú bátìrì àti káàdì tìrẹ, kí o lọ ní àárọ̀ kí ṣọ́ọ̀bù tó kún. Sọ pé o fẹ́ rí ohun tó bàjẹ́ lójú kó o tó san owó. Ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe á tan kámẹ́rà fún ẹ láìjanpata. Bí wọ́n bá ní àwọn ti tú u palẹ̀, ní kí wọ́n fi bọ́ọ̀dù náà hàn ọ́, kí wọ́n fọwọ́ tọ́ka síbi tó jó. Bọ́ọ̀dù tí omi wọ̀ máa ń dípáta, wàá rí àwọ̀ ewé tàbí funfun lára rẹ̀. "Ó ti jó" láìsí ibi tí a lè nàka sí kì í ṣe àyẹ̀wò.

Bísí_Aláwòrán

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́ ni ọjọ́ tó gbé e fún wọn. Ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ fetí sílẹ̀.

Ẹ má ṣe gbé kámẹ́rà sílẹ̀ láìsí ìwé. Bí ṣọ́ọ̀bù ò bá ní ìwé, ẹ kọ ọ́ fúnra yín sórí bébà, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Kò gbọdọ̀ gùn. Báyìí ni kó rí:

"Mo gba Canon 80D kan, nọ́ńbà ìdí rẹ̀ ni ____, àti lẹ́ńsì 24-105 f/4L kan, nọ́ńbà rẹ̀ ni ____. Kò sí bátìrì, káàdì tàbí okùn ọrùn pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó ń ṣe: Err 01 ní f/8, kì í ṣe é ní f/4. Gíláàsì iwájú kò ha, síkúrù pé, iná ojú ẹ̀yìn kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́. Owó àyẹ̀wò: ____. A kò ní tún nǹkan kan ṣe kí oníkámẹ́rà tó gbà sí iye rẹ̀. Bí a bá pààrọ̀ nǹkan kan, a ó dá ògbólógbòó rẹ̀ padà. Ọjọ́ tí èsì máa jáde: ____."

Gbólóhùn tó sọ pé kí wọ́n dá ògbólógbòó padà yẹn ni kí ẹ dì mú jù. Ṣọ́ọ̀bù tó mọ̀ pé ẹ máa béèrè ohun tí wọ́n yọ kò ní pe ohun tí kò bàjẹ́ fún yín.

Ẹ tún ya fọ́tò kan pẹ̀lú kámẹ́rà náà kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì tọ́jú fáìlì yẹn láìfi WhatsApp rán an, nítorí WhatsApp máa ń pa àwọn àlàyé inú fáìlì rẹ́. Nọ́ńbà ara kámẹ́rà wà nínú fáìlì Canon àti ti Nikon. Ti Nikon tún máa ń gbé iye ìgbà tí ṣọ́tà, ìbòjú tó ń ṣí tó ń pa bí a bá ya fọ́tò, ti ṣiṣẹ́. Ti ọ̀pọ̀ Canon, ẹ ní láti so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà kí ẹ tó rí iye yẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Canon ní ṣọ́tà 80D lè lọ tó 100,000. Bí ẹ bá gbé èyí tó ti ṣe 22,000 lọ, tí èyí tó padà wá ti ṣe 90,000, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ kán ọ̀dà èékánná, ẹyọ tíntín, sórí síkúrù méjì lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá tú u, ọ̀dà náà á là. Kì í dènà olè, ṣùgbọ́n ó máa ń fi òtítọ́ hàn nígbà tí wọ́n bá ní àwọn ò tíì fọwọ́ kàn án, tàbí tí wọ́n bá gba owó iṣẹ́ tí wọn ò ṣe.

Ẹ̀ńjíníà_Kámẹ́rà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa tó ń tún un ṣe, kí ọ̀rọ̀ má bàa jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ kan.

Àkọ́kọ́, mo fara mọ́ ohun tí Lẹ́ńsì_Dídán sọ nípa 24-105. Ẹni tó bá rí Err 01 pẹ̀lú lẹ́ńsì yẹn tí kò kọ́kọ́ fi lẹ́ńsì mìíràn dán ara kámẹ́rà wò, kò ṣe àyẹ̀wò. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé ṣọ́ọ̀bù náà ò mọ lẹ́ńsì tú. Bọ́ọ̀dù rọrùn fún wọn, wọ́n á yọ ọ̀kan lára 80D tó ti kú, wọ́n á fi sínú tìrẹ. Àṣìṣe náà ò ní lọ, wọ́n á wá sọ fún ẹ pé lẹ́ńsì náà tún ti bàjẹ́. O ti san owó lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ owó àyẹ̀wò, a ní láti gbà á. Láti tú 24-105, ẹ̀yìn la ti ń bẹ̀rẹ̀: àwọn síkúrù irin ẹnu rẹ̀, ìdènà eruku, bọ́ọ̀dù kékeré tó wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn flex tó so mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ìkarahun òde. Bí ike pẹlẹbẹ tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́ bá wà lábẹ́ irin ẹnu rẹ̀, a gbọ́dọ̀ dá a padà sí ibi tó wà gan-an, nítorí òun ló ń mú kí lẹ́ńsì jókòó gbọọrọ. Síkúrù àwọn ará Japan ò bá irin ìtúsíkúrù orí àgbélébùú tí wọ́n ń tà lọ́jà mu dáadáa, ó máa ń jẹ orí wọn. Bí ẹ bá rí lẹ́ńsì tí orí síkúrù ẹnu rẹ̀ ti jẹ, ẹnì kan tí kò ní irin iṣẹ́ tó yẹ ti dé ibẹ̀ ṣáájú.

Ẹ̀ẹ̀kejì, a kì í ní flex yẹn ní ìkáwọ́ nígbà gbogbo. China la ti ń paṣẹ rẹ̀, tàbí ká yọ ọ́ lára lẹ́ńsì tó ti kú. Èyí tí a yọ lára òkú lẹ́ńsì ti ká tó sì ti nà bíi tìrẹ, kò lè pẹ́. Béèrè èwo ni wọ́n fẹ́ fi sí i. Owó tí a pè lónìí lè yí padà tí dọ́là bá fò, ìdí nìyẹn tí a fi ń gba àsansílẹ̀. Bó ṣe yẹ ni pé kí a kọ ọ́ pé iye yìí dúró títí di ọjọ́ báyìí. Bí ṣọ́ọ̀bù ò bá kọ ọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́.

Ẹ̀yin tó ń wo nọ́ńbà inú fáìlì, ẹ ṣọ́ra díẹ̀. Bí a bá pààrọ̀ bọ́ọ̀dù gidi tí a ò sì kọ nọ́ńbà àtijọ́ sínú rẹ̀, nọ́ńbà inú fáìlì á yí padà, èyí tó wà lábẹ́ ara kámẹ́rà á dúró. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí nọ́ńbà bá yàtọ̀ ni wọ́n ti jí kámẹ́rà yín. Ó kàn fi hàn pé bọ́ọ̀dù ti yí padà. Bí wọn ò bá sọ fún yín pé àwọn pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, ìyẹn lẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́ńsì_Dídán

Ẹ̀ńjíníà, mo bá yín gbà lórí gbogbo rẹ̀ àyàfi owó àyẹ̀wò. Ẹni tó pe bọ́ọ̀dù fún lẹ́ńsì tó bàjẹ́ kò ṣe àyẹ̀wò tó gba owó rẹ̀. Kó dá a padà.

Ẹ̀ńjíníà_Kámẹ́rà

Bó bá jẹ́ pé ó tú u, ó ti lo àkókò. Kó yọ ọ́ kúrò nínú owó iṣẹ́ tí oníbàárà bá gbà kó ṣe é. Bí oníbàárà bá kọ̀ nítorí pé àyẹ̀wò náà kò tọ́, kó dá ìdá kan padà. Kí ó dá gbogbo rẹ̀ padà? Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Tokunbo_Wèrèpè

Ìbéèrè kékeré: ṣé mo lè fi spírìtì nu irin ẹnu lẹ́ńsì kí n tó gbé e lọ?

Ẹ̀ńjíníà_Kámẹ́rà

Spírìtì aláwọ̀ àlùkò ń fi àbàwọ́n sílẹ̀. Wá isopropyl 99%, kán an sórí aṣọ tí kò ní tú fọ́nrán, má kán an tààrà sínú lẹ́ńsì. Nu àwọn irin náà, jẹ́ kó gbẹ, dán an wò. Bébà ìyanrìn, rárá. Wúrà tí wọ́n fi bo irin yẹn tẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá ti ha kúrò, irin abẹ́ rẹ̀ á máa dípáta, Err 01 á sì wá di ojoojúmọ́. Ìrésà pẹ́ńsù náà, mi ò fọwọ́ sí i, nítorí èérún rẹ̀ á wọ ẹnu kámẹ́rà, á dúró sórí gíláàsì tó wà níwájú sensor, ojú tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà. Irin ẹnu kámẹ́rà náà, fi orí èékánná tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́jẹ́: ó gbọ́dọ̀ rì, kó sì ta padà.

Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe tú ara kámẹ́rà fúnra yín. 80D ní fíláàṣì nínú, kapasítọ̀ rẹ̀ tó ń kó iná pamọ́ ń gbé bíi 300 fóltì, ó sì ń dá a dúró lẹ́yìn tí ẹ ti yọ bátìrì.

Amòfin_Oníbàárà

Adé, jẹ́ ká wá sí ọ̀nà tí o máa gbà gba kámẹ́rà. Òfin kan wà tó dá lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an: òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀. Ó fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbà lásìkò, kí wọ́n sọ fún un lásìkò tó bá máa pẹ́, kí wọ́n sì dá ohun ìní rẹ̀ padà, ó kéré tán bó ṣe rí nígbà tó fi lé wọn lọ́wọ́. "Ọ̀gá ò sí nílé" kò bá èyíkéyìí nínú rẹ̀ mu. Òfin yẹn náà ló ní kí ẹni tó ń ta ohun tí wọ́n tún ṣe sọ ọ́ fún oníbàárà pé kì í ṣe tuntun.

Kọ̀wé sí wọn, lórí WhatsApp kan náà tí wọ́n fún ẹ, kó má gùn, kó má ní èébú:

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbé Canon 80D àti lẹ́ńsì 24-105 fún yín ní ọjọ́ báyìí, mo san iye báyìí fún àyẹ̀wò. Mi ò gbà kí ẹ tún bọ́ọ̀dù ṣe. Mo ń bọ̀ wá gba méjèèjì ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ní aago mẹ́wàá, ní ipò tí mo gbé wọn wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì kí n mọ̀ pé ẹ ti rí i."

Àmì búlúù méjì tó bá yọ níbẹ̀ ti di ẹ̀rí. Ya fọ́tò ojú fóònù. Wá ẹ̀rí owó àyẹ̀wò tí o san jáde láti báǹkì. Tó bá jẹ́ owó ọwọ́ ni, tún ọjọ́ àti iye rẹ̀ sọ nínú ìwé yẹn kí wọ́n lè jẹ́wọ́ rẹ̀ nínú èsì wọn.

Bí wọn ò bá fèsì, LASCOPA, àjọ ààbò oníbàárà ti ìjọba Èkó, máa ń pe oníbàárà àti oníṣọ́ọ̀bù jókòó, FCCPC náà ń gba ẹ̀sùn. Mú ìwé àti àwòrán rẹ lọ, kí o sọ ohun tí o fẹ́ gan-an: "Mo fẹ́ gba kámẹ́rà mi," tàbí "mo fẹ́ gba iye báyìí." Ẹ̀sùn tí kò sọ ohun tí ẹni tó mú un wá ń fẹ́ kì í yára.

Kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kéékèèké wà ní Èkó láti 2018, ẹjọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ẹ mọ̀ pé owó tó ní iye ló ń gbọ́, kì í ṣe "ẹ dá kámẹ́rà mi padà". Nítorí náà iye tí kámẹ́rà tó lọ́jà pẹ̀lú owó àyẹ̀wò lo máa kọ sínú ìwé ìbéèrè owó, o sì gbọ́dọ̀ fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí wọn kí o tó lọ sí kóòtù.

Má ṣe gbé ọlọ́pàá lọ bá wọn nítorí owó. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 kọ̀ kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni nítorí àdéhùn tó bàjẹ́ lásán. Bí wọ́n bá tà á tàbí tí wọ́n sẹ́ pé o gbé e wá, ìyẹn ti di nǹkan mìíràn.

Ará_Houston

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà níbí, Nikon dẹ́kun títa ẹ̀yà ara kámẹ́rà fún àwọn atúnṣe aládàáni ní 2012, wọ́n sì fòpin sí ètò àwọn ṣọ́ọ̀bù atúnṣe tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2020. Bí kámẹ́rà yín bá ti ẹ̀yìn wọlé, ìyẹn ni pé kì í ṣe Nikon Amẹ́ríkà ló gbé e wọlé, wọn ò ní tún un ṣe fún yín, kódà tí ẹ bá fẹ́ sanwó. Ẹ rí i pé tokunbo tó ń bọ̀ wálé kò ní ibi tí èèyàn máa gbé e padà sí. Àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ náà ṣọ̀wọ́n, ìdí nìyẹn tí òkú kámẹ́rà fi di ọjà.

Àmọ́ àwọn oníbàárà ti borí rí. Nikon D600 jáde ní September 2012, òróró àti eruku sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sórí sensor rẹ̀, àgàgà ní igun òkè lápá òsì fọ́tò. Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà fún wọn ni pé kí wọ́n fẹ́ ẹ nù. Àwọn tó ni ín ń ya ògiri funfun ní f/22, wọ́n ń gbé fọ́tò náà síta, tótóòtó yẹn kan náà níbì kan náà. Ní February 2014, Nikon gbà láti nù ún kí wọ́n sì pààrọ̀ ṣọ́tà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí tẹlifíṣàn China gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, ìjọba Shanghai ní kí wọ́n dá títa rẹ̀ dúró. Fọ́tò kan náà tí gbogbo wọn ń yà lọ́nà kan náà ló ṣe é. Ìdí rèé tí mo fi nífẹ̀ẹ́ sí àyẹ̀wò f/4 àti f/8 tí Lẹ́ńsì_Dídán kọ sókè yẹn: ẹnikẹ́ni lè tún un ṣe níwájú ẹnikẹ́ni.

Adé_Fótò

Mo fi ìwé Amòfin ránṣẹ́, wọ́n fèsì, mo sì mú 50mm lọ. A dán an wò níwájú gbogbo wọn. 50mm ń ya ní f/8 láìkọ nǹkan kan. 24-105 ń ya ní f/4, Err 01 yọ ní f/8 nígbà tí mo yí i dé nǹkan bíi 70. Ọmọ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló sọ pé "ó dà bíi pé lẹ́ńsì ni". Wọ́n kó méjèèjì fún mi, owó àyẹ̀wò ni a ṣì ń fà. Mo fẹ́ gbé lẹ́ńsì nìkan lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì ní Ìbàdàn. Báwo ni mo ṣe máa rán an, kí sì ni mo máa wò kí n tó san ìyókù owó?

Bísí_Aláwòrán

Mo yọ̀ fún ẹ o. Bí o bá fẹ́ wáyábíìlì rẹ̀ láti gáréèjì, fi ìdérí síwájú àti sẹ́yìn rẹ̀, yí i sí 24 kó lè kúrú, fi ọ̀rá onífúúfú wé e dáadáa, kó wà nínú páálí kékeré, kí páálí kékeré wà nínú ńlá, kí ìwé ìròyìn tí o ká wà láàárín méjèèjì. Kọ nọ́ńbà lẹ́ńsì náà sórí ìwé wáyábíìlì, má kàn kọ "ẹrù". Kí ẹni tó máa gbà á ya fídíò bó ṣe ń tú u.

Ẹ̀ńjíníà_Kámẹ́rà

Kó o tó san ìyókù owó: gba flex ògbólógbòó sọ́wọ́, wo ojú rẹ̀ níbi tó ti ń ká, wàá sábà rí ìlà tó ti là. Fi lẹ́ńsì sẹ́nu kámẹ́rà, fi f/8 sí i, yí i láti 24 dé 105 díẹ̀díẹ̀, kí o máa ya bí o ṣe ń lọ. Ṣe f/16 náà. Gbọ́ bí lẹ́ńsì ṣe ń wá ojú, ìyẹn focus; kò gbọdọ̀ há, kò gbọdọ̀ ké. Tan IS, ohun tó ń dá ìgbọ̀n ọwọ́ dúró, wo inú fáìǹdà, ihò tí à ń fojú wò kí a tó ya fọ́tò, bóyá àwòrán náà dúró.

Lẹ́yìn náà lẹ ìwé ìròyìn tó tẹ́jú mọ́ ògiri, gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, kó dojú kọ ọ́ gbọọrọ. Ya á ní f/4 ní 24, 50 àti 105, gbé e tóbi lójú kọ̀ǹpútà, wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Igun tí kò mú tó díẹ̀ bákan náà ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe ẹ̀bi atúnṣe. Bí lẹ́tà bá mú lápá ọ̀tún tó sì ṣú lápá òsì, yí kámẹ́rà sódì, tún un yà. Bí ibi tó ṣú náà bá yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ìwé ìròyìn, wọn ò tíì to gíláàsì inú rẹ̀ padà síbi tó wà. Jẹ́ kó tún un tò kó o tó san kọ́bọ̀ kan lé e.